Ẹ Pe Àwọn Ọmọ Òfin Yín Padà Wálé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀

Sí Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, sí Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, àti sí gbogbo ẹ̀yin ọmọ ilé méjèèjì ní Abuja.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò láti nǹkan bí ọdún méjìdínlógún. N kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, n kò sì wá ojúrere. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, àti ọ̀rọ̀ ọmọ òfin, ìyẹn ìlànà tí àwọn aláṣẹ ń ṣe lábẹ́ òfin yín.

Oníbàárà mi kan, ìyá tó ti ń ṣe búrẹ́dì láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti papò dà, jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba kan lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ó rú ìlànà tuntun, kí ó lọ san ₦250,000 kí àwọn tó ṣí i. Ìyá béèrè pé ìlànà wo nìyẹn. Wọ́n ní ó wà nínú gásẹ́ẹ̀tì. Ó béèrè pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọ ọkọ̀ wọn lọ. Ìwé tí ìjọba máa ń tẹ òfin àti ìlànà sí ni gásẹ́ẹ̀tì.

Ó wá bá mi. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú màá ti ka ìwé náà tán. Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbà mí.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà níbí. Akọ̀wé ibẹ̀ yẹ́ mi sí, ó fún mi ní àga, ó tú gbogbo dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kó tó fa ẹ̀dà kan yọ. Ojú ewé 1 dé 6 ló wà níbẹ̀. Ojú ewé tí wọ́n kọ owó ìtanràn sí kò sí, akọ̀wé sì ní òun náà kò fojú kàn án rí. Mo gbéra lọ sí Abuja. Wọ́n ní ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i lójú wọn, ojú ewé náà funfun báláú. Wọ́n júwe ibòmíràn fún mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní èyí tí wọ́n tẹ̀ ti tán, kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló wá rí ẹ̀dà tó pé fún mi nínú fáìlì ẹjọ́ àtijọ́ kan tó ṣe.

Nígbà tí mo kà á, ẹnu yà mí. Òfin tí ẹ̀yin ṣe, tí iléeṣẹ́ náà dì mú bí ọ̀pá àṣẹ, sọ ọ́ kedere pé wọ́n lè ṣe ìlànà bí mínísítà bá fọwọ́ sí i. Mo wá ìbuwọ́lù mínísítà títí, n kò rí i. Owó ìtanràn tí òfin yín fàyè gbà kò sì tó ìdajì ohun tí wọ́n ní kí ìyá náà san. Mo kọ lẹ́tà ojú ewé méjì sí wọn. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n wá ṣí ilẹ̀kùn, wọn kò gba kọ́bọ̀, wọn kò sì sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n àpò ìyẹ̀fun mẹ́rìnlá ti di ti kòkòrò. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń bá a po ìyẹ̀fun ti wá iṣẹ́ míì lọ, ọ̀kan ti ń gun ọ̀kadà. Àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òkè-Fíà ti mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń jà mí nínú: nínú ẹ̀yin ọmọ ilé 469 tó wà ní Abuja, 109 ní ilé àgbà, 360 ní ilé kejì, ta ló ti ka ìlànà yẹn rí kí wọ́n tó fi ti ilẹ̀kùn ìyá yìí pa?

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí tí wọn kì í ṣe agbẹjọ́rò. Abala 4 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 fi agbára láti ṣòfin fún gbogbo Nàìjíríà lé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ òfin tí wọ́n ń ṣe, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, wọ́n máa ń fi gbólóhùn kan sí i pé mínísítà tàbí àjọ báyìí báyìí lè ṣe ìlànà tí òfin náà yóò fi rìn. Ìlànà tí ẹni yẹn bá ṣe, òfin ni. Ọlọ́pàá lè fi mú ènìyàn, adájọ́ lè fi rán an lẹ́wọ̀n. Èyí tí àwọn aṣòfin dìbò lé lórí ni mo máa ń pè ní ìyá òfin. Èyí tí àwọn aláṣẹ ṣe lábẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń pè ní ọmọ òfin. Ọmọ yìí ń jẹ́ orúkọ púpọ̀: ìlànà, àṣẹ, sákúlà, ìwé ìtọ́sọ́nà. Nínú ọjà, nínú báńkì, ní ibùdó ọkọ̀ òfurufú, òun ni aráàlú máa ń bá pàdé. Bóyá ni wọ́n máa ń fojú kan ìyá rẹ̀.

N kò ní kí ẹ má rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ o. Ẹ kò lè jókòó sí Abuja kí ẹ máa wọn èròjà tó yẹ kó wọ inú búrẹ́dì, tàbí kí ẹ máa kọ irú oògùn tí a lè kó wọ̀lú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ la ń rán. Àwọn bàbá wa sì ti sọ bí iṣẹ́ rírán ṣe ń lọ: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ̀yin lẹ rán wọn. Ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Ohun tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì yẹn ni ìránṣẹ́ tí kò bẹ̀rù olúwa rẹ̀, nítorí olúwa rẹ̀ kò tíì ní kó wá jábọ̀ rí.

Ìwé Òfin wa mọ̀ pé àbọ̀ ṣe pàtàkì. Ní abala 32, ó fún Ààrẹ láṣẹ láti ṣe ìlànà lórí ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, ó sì fi kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ìlànà tó bá ṣe gbọ́dọ̀ wá síwájú yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, lórí ohun kan ṣoṣo. Kò sí òfin àpapọ̀ tó sọ irú rẹ̀ fún gbogbo ọmọ òfin yòókù. Bí ìyá òfin kan bá rántí pé kí wọ́n gbé ìlànà wá, wọ́n lè gbé e wá. Bí kò bá rántí, ó parí nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ti fà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀, CBN, fi sákúlà ránṣẹ́ sí àwọn báńkì pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí a bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, pé owó ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹni tó bá fi ₦100,000 ránṣẹ́, ₦500 ti lọ. Ẹ kò sí ní Ọjà Ìgbọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi wà níbẹ̀. Àwọn oní-POS kò mọ iye tí wọn yóò máa gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn ìyá alátà ń sọ pé àwọn yóò padà sí owó wíwé mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Òfin tí CBN sọ pé òun gbé e lé ni èyí tí ẹ̀yin ṣe ní 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì tún ṣe ní 2024. Àwọn iléeṣẹ́ kan, àwọn báńkì àti àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù wà lára wọn, ni ìyá òfin yẹn dárúkọ pé kí owó náà ti jáde. Ìgbà tí ọmọ òfin dé, ọrùn ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ni ẹrù náà já lé.

Mo gbóríyìn fún Ilé Aṣojú-ṣòfin, nítorí ní ọjọ́ 9 oṣù náà, ẹ ní kí CBN yọ ìwé náà kúrò. Kí oṣù tó parí, CBN yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ariwo ló gbà wá. Rédíò pariwo, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pariwo, ẹ̀yin náà gbọ́, ẹ sì ṣe ìpinnu. Ìpinnu ilé lásán kò lágbára òfin. Bí CBN bá fẹ́ kọ etí ikún sí i, kò sí ohun tí ìwé òfin fi lé yín lọ́wọ́ láti fi mú un lọ́jọ́ náà. Ṣé gbogbo ìlànà ló máa ń láriwo? Èyí tó ti ilẹ̀kùn oníbúrẹ́dì pa kò láriwo. Ìyá kan àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni gbogbo àwọn tó kàn.

Bí ariwo kò bá sí, ilé ẹjọ́ ló kù, ilé ẹjọ́ sì jìn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2019, NBC, àjọ tó ń mójútó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, bu owó ìtanràn ₦500,000 lé iléeṣẹ́ 45 lórí, ìwé ìlànà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ló sì fi ṣe é. Ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Adájọ́ James Omotosho ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja tó sọ pé NBC kì í ṣe ilé ẹjọ́, ìwé ìlànà tó kọ kò sì lè sọ ọ́ di ọ̀kan. Ó lé ní ọdún mẹ́rin. Bí ìgbìmọ̀ kan láàárín yín bá ti ka ìwé ìlànà yẹn lọ́jọ́ tó jáde, àgbà agbẹjọ́rò kan ṣoṣo ìbá ti rí àléébù yẹn kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ohun tó wúwo jù lọ sọ́wọ́ ìránṣẹ́. Ní abala 60 Òfin Ìdìbò ọdún 2022, ẹ kọ ọ́ pé kí òṣìṣẹ́ ibùdó ìdìbò fi èsì ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, bá là sílẹ̀. INEC la ọ̀nà: kí wọ́n fi BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, ya ìwé èsì, kí wọ́n gbé e sórí IReV, ojú òpó èsì ìdìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ènìyàn rí i. Aráàlú gba ọ̀rọ̀ yẹn bí ìlérí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, èsì ìdìbò ààrẹ kò gòkè bí wọ́n ṣe sọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní àìgbé èsì sórí IReV kò tó láti fi wọ́gi lé ìdìbò. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers tí ilé ẹjọ́ yẹn kan náà dá ní ọdún 2016 kò ní ṣe hàáà: níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ìwé ìtọ́sọ́nà INEC lórí ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ìdìbò kò lè borí ìwé orúkọ olùdìbò tó wà nínú ìyá òfin. N kò wá jà nípa ẹni tó wọlé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí aráàlú rò pé ó jẹ́ òpó ilé, inú ọmọ òfin ni ẹ fi sí, ẹ kò sì dìbò lórí ọmọ òfin náà.

Nígbà àrùn kòrónà ńkọ́? Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu ìlànà tó ti Èkó, Ògùn àti Abuja pa. Òfin tí wọ́n gbé e lé ni Quarantine Act, òfin ìsémọ́lé nítorí àrùn, tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1926, èyí tí owó ìtanràn inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ₦200, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Èmi fara mọ́ kónílé-ó-gbélé nígbà yẹn, nítorí ikú ń rìn nígboro. Ṣùgbọ́n ìwé kan tó ní kí àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn má jáde nílé kò gba iwájú aṣòfin kankan kọjá, torí òfin ọdún 1926 kò béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sì wà ní ìsinmi títí di ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin.

Ẹ lè sọ pé gásẹ́ẹ̀tì wà, pé ohun tí wọ́n bá tẹ̀ síbẹ̀, gbogbo ayé ti rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí oṣù Kejìlá ọdún 2025. Ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin kan dìde láàárín yín, ó ní òfin owó orí tí a tẹ̀ sínú gásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí èyí tí ilé dìbò fún. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn olórí ilé ní kí wọ́n tún un tẹ̀, kí wọ́n sì fún aráàlú ní ẹ̀dà tí akọ̀wé ilé fọwọ́ sí. Ìyá òfin nìyẹn, tí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí ẹni tó bí i bá lè máa wá ojú rẹ̀ nínú ìwé, ta ni yóò dá ojú ọmọ òfin mọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò rí nígbà tí wọ́n bí i?

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde ìlú-ò-fararọ ní Ìpínlẹ̀ Rivers ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2025, ó ní alábòójútó tí òun yàn kò ní ṣe òfin tuntun, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ìlànà, kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú yín, ẹ ní rárá, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló yẹ kó máa mójútó o. Mo rántí pé mo pàtẹ́wọ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Inú mi kò dùn sí bí ẹ ṣe fi ohùn dìbò lórí ìkéde náà fúnra rẹ̀, nígbà tí Ìwé Òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ni kó fọwọ́ sí i. Ohùn kò ṣeé kà. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìlànà yẹn, ẹ tọ̀nà. Ẹ rí i pé ẹni tó ń ṣe ìlànà kò gbọdọ̀ jábọ̀ fún ẹni tó yàn án nìkan. Kí ló dé tí ohun tó tọ́ fún Port Harcourt fún oṣù mẹ́fà kò tọ́ fún Òṣogbo, Kano àti Ẹnugu lójoojúmọ́?

Ẹ má jẹ́ ká lọ jìnnà. Ní Ghana, abala 11 ìwé òfin wọn ti ọdún 1992 sọ pé gbogbo ìlànà gbọ́dọ̀ wá síwájú ilé aṣòfin, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá, kò sì ní di òfin àfi tí ọjọ́ ìjókòó 21 bá kọjá. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ilé lè wọ́gi lé e. Ibi tí n kò ti bá wọn gbà ni pé ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ni yóò dìbò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lè wọ́gi lé e. Ó ṣòro jù. Ẹgbẹ́ tó wà nípò kì í sábà jẹ́ kó pé, ìlànà burúkú á kàn máa ka ọjọ́ rẹ̀ títí tí yóò fi di òfin. Kenya gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2013. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní láàárín ọjọ́ ìjókòó méje tí wọ́n bá ti tẹ ìlànà jáde, ó gbọ́dọ̀ dé ilé aṣòfin. Bí kò bá dé, ó kú. Èyí tó bá sì yè á kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àyàfi tí wọ́n bá ṣe ìlànà mìíràn tó yọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tó sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Mo fẹ́ràn ti Kenya gan-an. Ó gbé ẹrù lé orí ìránṣẹ́: ìwọ tí a rán, bí o kò bá jábọ̀, iṣẹ́ rẹ ti bàjẹ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London pàápàá ti jẹ nínú rẹ̀, ní kíkan àti ní dídùn. Ìlànà ìwọ̀lú ni ìjọba ibẹ̀ fi ń pinnu ẹni tí yóò wọlé, òfin wọn ti ọdún 1971 sì ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àyípadà èyíkéyìí síwájú ilé aṣòfin. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n gbé ọ̀kan wá. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba físà láti lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò lè kó ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ó dun ọ̀pọ̀ ẹbí ní Òṣogbo níbí. Ilé aṣòfin wọn kò sì dá a dúró. Wọn kì í sábà dá a dúró, ọdún 1979 ni ilé kékeré wọn ti wọ́gi lé irú ìwé ìlànà bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Nítorí náà n kò ní kí ẹ lọ gbé ti London wá odidi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó jáde, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀dà tó pé ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Kò san owó, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn tilẹ̀ sọ pé bí ìjọba bá fẹ́ fi ohun kan ṣe ìlànà tí wọn yóò fi kọ̀ fún ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ ti wà níwájú ilé aṣòfin kí wọ́n tó lò ó. Ọkùnrin ará Pakistan kan ló pẹjọ́, ó sì jàre.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni òfin kan ṣoṣo tí yóò dé gbogbo ọmọ òfin lórí. Kí ìlànà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó tó lè mú ẹnikẹ́ni. Kó dé iwájú ilé méjèèjì láàárín ọjọ́ ìjókòó méje, bí kò bá dé, kó kú bíi ti Kenya. Bí ilé kan bá fẹ́ wọ́gi lé e, kí ọ̀pọ̀ ìbò lásán tó. Kí ẹ kọ ọ́ sínú òfin yẹn gan-an pé ìdìbò yín ni yóò pa á, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìpinnu ilé kò lágbára.

Ibì kan wà tí n kò ní fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ìlànà tó bá ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tàbí tó ń sé e mọ́lé. Irú ìyẹn kò yẹ kó máa ka ọjọ́ títí di òfin. Ẹ jẹ́ kó dúró títí ẹ óò fi dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, bíi ti kòrónà, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì padà wá jókòó lé e lórí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìsinmi tàbí kò sí ìsinmi.

Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ńkọ́? Ilé Aṣojú-ṣòfin ti yan ọ̀kan fún irú òfin yìí rí, orúkọ náà wà nínú ìwé yín. Ìgbìmọ̀ tí kò sí òfin tó fi dandan lé e pé kí wọ́n gbé ìlànà wá fún un, kí ni yóò kà? Ẹ fún un ní àwọn agbẹjọ́rò tí iṣẹ́ wọn kò ju kíkà lọ, tí wọn yóò máa béèrè ìbéèrè tí èmi béèrè lórí ọ̀ràn búrẹ́dì: ta ló fọwọ́ sí i, ṣé ìyá òfin fún un láṣẹ, ṣé owó inú rẹ̀ kò ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ fi ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ṣe alága rẹ̀, nítorí ẹni tó wà nípò kì í fẹ́ rí àléébù ìwé tí mínísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ. Ní London, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nínú ìgbìmọ̀ tí ilé méjèèjì jọ ní fún iṣẹ́ náà.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ kà wọ́n. Ẹ ní kí gbogbo mínísítà àti gbogbo àjọ kó ìlànà tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ wá láàárín oṣù mẹ́ta. Abala 88 Ìwé Òfin fún yín láṣẹ láti ṣe ìwádìí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọn kò bá lè fi hàn yín, kò yẹ kí wọ́n lè fi han ìyá oníbúrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, pàápàá ti ilẹ̀ Yorùbá tí ìlànà ọjà àti ti ilé kíkọ́ ti ń jáde lójoojúmọ́. Lẹ́tà tiwọn ń bọ̀ lọ́tọ̀.

Mo ti kọ àbá òfin náà sílẹ̀, ojú ewé méje ni. Mo ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣojú ẹkùn wa, mo sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ilé. Nígbà tí mo kà á fún ìyá oníbúrẹ́dì, ó ní kí n bá òun fi ìbéèrè kan kún un. Ó fẹ́ mọ ibi tí òun ti lè lọ ka ìlànà tó bá tún kàn, kí wọ́n tó gbé ìwé pupa dé ẹnu ọ̀nà òun. Mo ní màá bi yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agbẹjọ́rò kan ní Òṣogbo